Ìwé Ẹnu Ibodè: Àkọsílẹ̀ Ìwọlé láti Ọ̀dọ̀ Oníbodè dé Ibi Ìpamọ́ Dátà ní Àgọ́ Palace

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìtàn irú àkọsílẹ̀ kan tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí, èyíinì ni àkọsílẹ̀ ẹni tí ó wọlé, ohun tí ó wá mú, àti ìgbà tí ó wá a. Kì í ṣe ẹrù tí a kó pamọ́ gan-an ni ó jẹ wá lógún, bí kò ṣe ìwé tí ó sọ ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹrù náà. Lóde òní, àwọn ibi ìpamọ́ dátà tí a ń pè ní cloud lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, bí ẹni tí ó ni dátà bá ní kí wọ́n kọ ọ́. Access log ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní àkọsílẹ̀ ìwọlé.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ìwọlé kì í jẹ́rìí sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí a tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí dátà ọmọ ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn ní ìlú wa ń hùwà bí ẹni pé wọ́n lè padà lọ kọ ìwé àná ní ọ̀la.

A yan Àgọ́ Palace ní Òkòtà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, fún ìdí kan. Títì tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí kún fún ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn aládàáni, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù àti òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn òpópónà tí ó yà kúrò lára rẹ̀ ní géètì. Ẹni tí ó bá ti lọ kí ènìyàn ní àdúgbò náà mọ ìwé tí wọ́n máa ń na síni ní ẹnu géètì: ìwé nọ́tì ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí, tí wọ́n kọ ọjọ́, orúkọ, ẹni tí a wá rí, nọ́ńbà fóònù, aago ìwọlé, aago ìjáde àti ìfọwọ́sí sí òkè rẹ̀. Àyè aago ìjáde ni ó sábà máa ń ṣófo jù. Ní abẹ́ ẹni tí a wá rí, a lè bá “Màdáámù” tàbí “fúláàtì òkè,” èyí tí kò ṣe òpìtàn kankan láǹfààní. Síbẹ̀, bí olè bá jà lóru, ìwé yẹn ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ béèrè.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wọ̀nyí ni ibodè mìíràn wà tí ojú kò rí. Bí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn, akọ̀wé yóò ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì gbé fọ́tò náà lọ sí ibi ìpamọ́ tí ó lè wà ní Ireland tàbí ní Cape Town. Ilé ẹ̀kọ́ ń kó èsì ìdánwò lọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ń kó rìsíìtì lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí àlejò kan wọlé láìfọwọ́sí ìwé ní ojú títì lè ti fi ibodè kejì yìí sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́.

Oníbodè àti owó ẹyọ

Ní ọ̀rúndún 19, ibodè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orísun owó fún àwọn olóyè ìlú Yorùbá. Oníbodè a jókòó sí ẹnu odi, a wo ẹrù tí oníṣòwò rù, a sì gba owó ibodè gẹ́gẹ́ bí ẹrù náà ti rí. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń san án. Ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sí okùn kan, okùn 50 ni ó jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, olóyè tí ó ni ibodè lè mọ iye tí ó wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni fi gègé kan ìwé.

Kí ni owó yìí sọ, kí sì ni kò sọ? Ó sọ bí ẹrù tí ó kọjá ti pọ̀ tó. Kò sọ ẹni tí ó kọjá. Orúkọ àti ojú àwọn arìnrìn-àjò wà ní orí oníbodè nìkan, bí ó bá sì kú tàbí tí wọ́n lé e kúrò, ìwé náà bá a lọ. Kódà nígbà tí Egba United Board of Management dìde ní Abẹ́òkúta ní 1865, tí àwọn Sàró tí ó mọ̀wé bíi G. W. Johnson wà nídìí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé owó ibodè kalẹ̀ lórí ẹrù tí ó ń jáde, iye owó ni ọ̀ràn náà dá lé lórí. Bí ẹrù kò bá ti jẹ gbèsè owó ibodè, ta ni yóò bìkítà nípa orúkọ ẹni tí ó rù ú?

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé owó àti ìwé ìwọlé yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó tún padà wá bá wa ní ayé kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá kó dátà sí cloud tí kò ṣí àkọsílẹ̀ ìwọlé yóò ṣì máa gba ìwé owó lóṣooṣù. Ìwé náà lè fi hàn án pé dátà tí ó jáde lóṣù yìí ju ti oṣù tí ó kọjá lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Yóò mọ̀ pé ẹrù púpọ̀ kọjá ní ẹnu ibodè òun, kò sì ní mọ ẹni tí ó rù ú. Ọgbọ́n olóyè tí ó ń ka okùn owó ẹyọ ni ó ṣì ń lò.

Ìwé ìbéèrè ní ilé àkójọ ìwé ìtàn

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ti rí ìwé ìwọlé tí ó sàn ju èyí lọ. Láti 1951 ni Kenneth Onwuka Dike ti bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn ìwé ìjọba wò káàkiri orílẹ̀-èdè, tí ó sì rí bí ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Èyí ni ó bí Nigerian Record Office ní 1954, òfin tí ó tẹ̀ lé e ní 1957 sì sọ ọ́ di National Archives. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní yàrá ìkàwé rẹ̀ ní Ìbàdàn mọ ìlànà náà: a ó kọ orúkọ sí ìwé àlejò, a ó sì kọ nọ́ńbà fáìlì tí a ń fẹ́, bóyá ọ̀kan nínú CSO 26, sí orí bébà pélébé kan. Òṣìṣẹ́ yóò mú bébà náà wọlé lọ. Bí fáìlì bá wà, a ó rí i. Bí kò bá sí, bébà yóò padà pẹ̀lú èsì pé kò sí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí níbí. Èkíní ni pé ìwé ìbéèrè kò sí nínú fáìlì tí a béèrè. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń kó o sí. Ẹni tí ó bá jí fáìlì lọ kò lè jí ẹ̀rí pé òun béèrè rẹ̀ mọ́ ọn. Èkejì ni pé ìbéèrè tí kò yọrí sí rere náà wà lákọsílẹ̀. Bébà tí wọ́n kọ “kò sí” sí lára sọ fún wa pé ẹnì kan ń wá nǹkan báyìí ní ọjọ́ báyìí. Fún òpìtàn, èyí lè níye lórí ju fáìlì tí ó rí lọ.

Ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí gbogbo ènìyàn lè lò, àwọn tí ó kọ ètò sáfà ti fi í sínú rẹ̀ pé kí sáfà máa kọ ìlà kan sílẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Amazon ṣí S3 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2006, àṣà kíkọ ìlà yìí kò ṣàjèjì mọ́. Ní S3, inú àpò kan tí wọ́n ń pè ní bucket ni a ń kó ẹrù sí. Ẹrù kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe fọ́tò tàbí lẹ́tà, ní orúkọ tirẹ̀, a sì lè béèrè rẹ̀ láti ibikíbi ní ayé bí àṣẹ bá wà.

Ṣùgbọ́n ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti yàrá ìkàwé Ìbàdàn. Àkọsílẹ̀ ìwọlé S3 kì í bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Títì ni ó wà nígbà tí a bá ra àpò náà, ẹni tí ó ni àpò ni yóò ṣí i. Bí a ti ń ṣe é kò le. A ó kọ́kọ́ dá àpò kejì sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ nìkan, ní ẹkùn kan náà àti lábẹ́ àkáǹtì kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. A ó kọ ìwé àṣẹ mọ́ ọn pé kí òṣìṣẹ́ Amazon tí ó ń kó àkọsílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ logging.s3.amazonaws.com, lè máa kó ẹrù sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó padà sí àpò àkọ́kọ́, a ó wá ibi tí wọ́n kọ Server access logging sí, a ó tan án, a ó sì tọ́ka sí àpò kejì. A kò gbọdọ̀ tọ́ka sí àpò àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò tún bí àkọsílẹ̀ mìíràn, bí ẹ̀ṣọ́ tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé bírò. Láàárín wákàtí tí ó tẹ̀ lé títan yìí, ó lè kọ àwọn ìbéèrè kan, kí ó sì fo àwọn mìíràn.

Amazon kò gba owó fún kíkọ rẹ̀; àyè tí àkọsílẹ̀ gbà ni a ń sanwó lé. Mi ò rí ìdí tí ilé ìwòsàn tí ó ń sanwó ẹ̀ṣọ́ géètì lóṣooṣù yóò fi sọ pé èyí wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìlà kan. Àpẹẹrẹ ni, kò sí àpò tí ó ti wá. Ká ní ìlà náà sọ pé ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2024, ní aago 23:20:15 +0000, àdírẹ́sì 192.0.2.3 dé, ní àyè tí ó yẹ kí orúkọ ẹni tí ó béèrè wà, àmì ìlà kékeré kan péré ni a rí, iṣẹ́ tí ó béèrè ni REST.GET.OBJECT, orúkọ ẹrù jẹ́ ti fọ́tò káàdì kan, nọ́ńbà èsì ni 200, iye byte tí ó jáde wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irú ètò tí ó fi wá.

Àmì ìlà kékeré yẹn ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó wá kò sọ orúkọ kankan, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. GET túmọ̀ sí pé ó gba ẹrù. 200 túmọ̀ sí pé wọ́n fún un. Bí ó bá jẹ́ 403 ni, a jẹ́ pé wọ́n kọ̀ fún un, bí ó bá sì jẹ́ 404, a jẹ́ pé ẹrù tí ó wá kò sí. Àwọn 403 àti 404 wọ̀nyí ni bébà “kò sí” ti ilé àkójọ ìwé ìtàn. Bí a bá rí ọgọ́rùn-ún nínú wọn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan láti àdírẹ́sì kan náà, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Aago náà fẹ́ àlàyé. Aago UTC ni S3 ń lò, wákàtí kan ni Nàìjíríà sì fi ṣáájú rẹ̀. Aago 23:20 ọjọ́ 6 nínú àkọsílẹ̀ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú kọjá aago méjìlá òru ní Àgọ́ Palace, ọjọ́ 7 sì ni. Ẹni tí ó bá gbé ìwé ẹnu géètì àti àkọsílẹ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìṣe ìṣirò yìí lè fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó wà níbi iṣẹ́ lálẹ́ àná nígbà tí ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti àdírẹ́sì, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo sin ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹni tí ó wà ní Òkòtà àti ẹni tí ó wà ní Mafoluku lè gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde sí ayé. Bákan náà, bí ilé ìwòsàn bá fi líǹkì ìgbà díẹ̀ ránṣẹ́ sí aláìsàn kí ó fi wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀, orúkọ àkáǹtì tí ó fọwọ́ sí líǹkì náà ni yóò hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó béèrè, kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣí i. Ó dà bí ìgbà tí onílé bá sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé, “Ẹ jẹ́ kí ó wọlé, èmi ni mo pè é,” tí ẹ̀ṣọ́ sì kọ orúkọ onílé sílẹ̀.

Amazon fúnra wọn kò ṣèlérí pé gbogbo ìbéèrè ni yóò wọ inú àkọsílẹ̀ yìí. Wákàtí mélòó kan ni ó sì máa ń gbà kí èyí tí ó pọ̀ jù tó dé. Fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú irú òṣìṣẹ́ tí ó fi àṣẹ rẹ̀ ṣe nǹkan, CloudTrail wà láti 2013. Láti 2016 ni òun náà ti lè kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù kọ̀ọ̀kan nínú àpò, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dìídì yan èyí, a ó sì máa sanwó fún un. Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ kékeré lè fi ti ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àpò tí ó ṣí sílẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó hàn sí gbogbo ayé kò ti Àgọ́ Palace wá. Ìpínlẹ̀ Plateau ni ó ti wá, a sì mú un wọ inú bébà yìí nítorí pé irú àpò kan náà ni. Ní 2022, Website Planet gbé ìròyìn jáde pé àwọn rí àpò S3 kan tí ó jẹ́ ti PLASCHEMA, àjọ tí ó ń bójú tó ètò ìlera alájọdá ìpínlẹ̀ náà, tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà, ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 75,000, wọ́n sì fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó kan ènìyàn bí 37,000.

Àwọn tí ó rí àpò náà lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun kan tí ẹni tí ó wà ní ìta kò lè sọ láéláé ni bóyá ẹlòmíràn ti wá ṣáájú òun. Àkọsílẹ̀ ìwọlé ti ẹni tí ó ni àpò nìkan ni ó lè dáhùn ìbéèrè yẹn, bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti tàn án láti ọjọ́ tí ẹrù àkọ́kọ́ ti wọ inú àpò. Láti oṣù Kẹrin 2023, Amazon ti ń ti ìlẹ̀kùn ìta àwọn àpò tuntun kí ó tó fi wọ́n lé oníbàárà lọ́wọ́. Èyí dára. Kò yí ti àwọn àpò àtijọ́ padà, kò sì tan àkọsílẹ̀ ìwọlé fún ẹnikẹ́ni.

Òfin pẹ̀lú ti dé. Lẹ́yìn ìlànà tí NITDA gbé jáde ní oṣù Kìíní 2019, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí Nigeria Data Protection Act ní oṣù Kẹfà 2023. Òfin yìí sọ pé bí dátà bá jò tí ó sì lè kó àwọn tí ó ni ín sínú ewu, ẹni tí dátà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tí ó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀. Kí ni ilé ìwòsàn tí kò ní àkọsílẹ̀ yóò kọ sínú lẹ́tà yẹn? Yóò kọ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ta ni ó wọlé, fọ́tò ta ni wọ́n kó lọ, ọjọ́ wo ni: kò ní rí èsì fún ọ̀kankan. Yóò di dandan kí ó kọ̀wé sí gbogbo aláìsàn tí ó ti gba káàdì rí, tàbí kí ó má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. A lè fura sí èyí tí ọ̀pọ̀ yóò yàn.

Ìṣòro kan wà tí kò sí nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré, kì í ṣe ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ ni ó ni àkáǹtì cloud. Ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, òun ni ó fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí àkáǹtì náà, òun nìkan ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Nígbà tí ó bá rí iṣẹ́ mìíràn, tàbí tí ó lọ sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ di ti oníbodè tí ó gbé ìwé lọ sínú orí ara rẹ̀. Kí a tó sọ̀rọ̀ títan àkọsílẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan àwa òpìtàn gan-an. Nígbà tí ìwé ẹnu géètì bá kún, wọn a jù ú sí igun, ojú ewé rẹ̀ a sì di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà. Àkọsílẹ̀ cloud kì í pọ́n àkàrà, ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ kí ẹ̀rọ máa pa á rẹ́ lẹ́yìn iye ọjọ́ kan kí owó àyè má baà pọ̀. Ìdí mìíràn tún wà fún pípa á rẹ́: àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìgbà tí wọ́n wo fáìlì aláìsàn báyìí àti ibi tí wọ́n ti wò ó, nítorí náà dátà ènìyàn ni òun náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan dábàá ọjọ́ 90. Ó kéré jù lójú mi. Àpò lè ṣí sílẹ̀ fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i, ẹni tí ó bá sì dé ní oṣù kẹrìnlá láti béèrè ẹni tí ó mú fọ́tò òun yóò bá ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá.